Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: mo fẹ́ fi kọ̀ǹpútà àtijọ́ ṣe rọ́tà ilé

Olùbéèrè
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Dell OptiPlex 7010 SFF (oníkékeré) kan wà nílẹ̀: i5-3470, RAM 4GB, háàdì dísìkì 500GB, ihò wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì ẹyọ kan. Rọ́tà 4G là ń lò nílé, èèyàn méje ló wà lórí rẹ̀. Bí ẹnì kan bá ti ń gbé fídíò sórí íntánẹ́ẹ̀tì báyìí, ìpè àwọn tó kù á bẹ̀rẹ̀ sí í gé. Iná wa sì ń lọ, ó ń bọ̀. Ṣé ẹ̀rọ yìí á lè ṣiṣẹ́ rọ́tà? Kí ni kí n rà sí i?

Èsì kìíní
Agbára rẹ̀ tó, ó tilẹ̀ ṣẹ́kù. Ihò wáyà kejì ló kù: ọ̀kan á lọ síbi rọ́tà 4G, ọ̀kan á wọ inú ilé. Ti Intel ló wà lára rẹ̀ tẹ́lẹ̀, ìyẹn dára. Ẹ ra káàdì nẹ́tíwọ́ọ̀kì PCIe oníhò kan, bíi Intel Gigabit CT, kí ẹ sì rí i pé irin ẹ̀yìn kúkúrú (low-profile) wà pẹ̀lú rẹ̀, torí onírin gígùn kò ní wọ ẹ̀yìn SFF. Ẹ má ra ti USB, ó máa ń já láìròtẹ́lẹ̀.

Ẹ pààrọ̀ bátìrì CR2032 tó wà lórí bọ́ọ̀dù. Bó bá ti kú, gbogbo ìgbà tí ẹ̀rọ bá pàdánù iná ni aago á ṣìnà, ohun tí ẹ ti yàn nínú BIOS (ètò tó ń tan ẹ̀rọ) á sì nù. Lẹ́yìn náà, ẹ wọ Power Management nínú BIOS, ẹ mú AC Recovery, ẹ yan Power On. Láìṣe bẹ́ẹ̀, bí iná bá dé, àfi kí ẹnì kan lọ tẹ bọ́tìnnì kí íntánẹ́ẹ̀tì tó padà.

Èsì kejì
Ẹ gbé OpenWrt, ètò tó ń sọ kọ̀ǹpútà di rọ́tà, sí i. Ohun tó ń gé ìpè yẹn ni pé fídíò tí wọ́n ń gbé lọ ti to ìlà gígùn sínú rọ́tà 4G, ohùn àwọn tó ń sọ̀rọ̀ wá há sẹ́yìn rẹ̀ bí ọkọ̀ kékeré tó há sẹ́yìn tírélà. SQM, irinṣẹ́ tó ń tò ìlà nínú OpenWrt, ló ń tú irú ìlà bẹ́ẹ̀ ká.

Ẹ yọ háàdì dísìkì yẹn, ẹ fi SSD kékeré rọ́pò rẹ̀. 16GB ti pọ̀ jù. Ẹ wa fáìlì x86/64 tí orúkọ rẹ̀ parí sí squashfs-combined.img.gz, bí BIOS bá wà lórí Legacy (ọ̀nà àtijọ́ tí ẹ̀rọ fi ń tan). Bó bá jẹ́ UEFI (ọ̀nà tuntun), ti combined-efi ni kí ẹ mú. Ẹ tan ẹ̀rọ pẹ̀lú fláàṣì Linux, ẹ tẹ `lsblk` kí ẹ mọ SSD yín dájú, torí ohun gbogbo tó wà lórí dísìkì tí ẹ bá dárúkọ ló máa parẹ́. Ẹ wá tẹ èyí, kí ẹ fi orúkọ fáìlì yín rọ́pò openwrt.img.gz, kí ẹ sì fi orúkọ SSD yín rọ́pò sda:

`gunzip -c openwrt.img.gz | sudo dd of=/dev/sda bs=4M conv=fsync`

Bó bá ní "trailing garbage ignored", ẹ má fòyà, bó ṣe máa ń wí nìyẹn.

Èsì kẹta
OPNsense, ètò rọ́tà mìíràn, náà kò burú o, pàápàá fún ẹni tó fẹ́ ṣọ́ ohun tó ń wọlé àtohun tó ń jáde. Ṣùgbọ́n níbi tí iná ti ń ṣe ségesège, ZFS ni kí ẹ yàn fún bí fáìlì ṣe ń wà lórí dísìkì nígbà tí ẹ bá ń gbé e sí i, kì í ṣe UFS.

Èsì kejì
Òótọ́ ni. Squashfs ni mo ṣe mú OpenWrt: ẹ̀rọ kì í kọ nǹkan sí apá tí ètò gan-an wà, nítorí náà iná tó lọ lójijì kì í bà á jẹ́.

Olùbéèrè
Mo ti gbé e sí i. Láptọ́ọ̀pù rí 192.168.1.1, ojú ewé ṣí, ṣùgbọ́n íntánẹ́ẹ̀tì kò wọlé.

Èsì kìíní
Ẹ kọ́kọ́ wo àdírẹ́sì rọ́tà 4G. Bí òun náà bá ń jẹ́ 192.168.1.1, àwọn méjèèjì ti forí gbárí nìyẹn. Ẹ lọ sí Network, Interfaces, LAN (ti inú ilé), ẹ sọ ọ́ di 192.168.50.1. Ẹ tẹ ọfà ẹ̀gbẹ́ Save & Apply, kí ẹ mú Apply unchecked; bí bẹ́ẹ̀ kọ́, bí láptọ́ọ̀pù kò bá tètè bá a ní àdírẹ́sì tuntun láàárín ìṣẹ́jú àáyá 90, á dá ti àtijọ́ padà. Ẹ yọ wáyà láptọ́ọ̀pù, ẹ tún dá a padà sí ihò rẹ̀. Bí àdírẹ́sì wọn kò bá jọra, ẹ wò ó bóyá wáyà rọ́tà 4G wọ ihò WAN (ti ìta) dáadáa: eth0 ni LAN, eth1 ni WAN, ẹ ò sì lè fojú lásán mọ èyí tó jẹ́ èwo.

Olùbéèrè
Ó ti wọlé! Ẹ ṣeun gan-an. SQM ńkọ́?

Èsì kejì
Láti System, Software, ẹ gbé luci-app-sqm wọlé. Nínú ojú ewé SQM, ẹ yan eth1, cake, àti piece_of_cake.qos. Iyára 4G kì í dúró lójú kan, nítorí náà ẹ wọ̀n ọ́n láàárọ̀, lọ́sàn-án, àti ní bí aago mẹ́sàn-án alẹ́. Èyí tó kéré jù ni kí ẹ mú, kí ẹ yọ ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún kúrò. Bí ìgbésókè bá jẹ́ 8 Mbit/s, ẹ kọ 7200 (kbit/s ni wọ́n ń lò níbẹ̀). Bí ẹ bá kọ ọ́ ga jù, inú rọ́tà 4G ni ìlà á ti máa tò, SQM kò sì ní rí i.

Èyí ṣe pàtàkì: ẹ pa Wi-Fi ara rọ́tà 4G. Ẹni tó bá ṣì ń gba ibẹ̀ kò gba inú SQM kọjá, ìpè á sì tún máa gé. Rọ́tà Wi-Fi mìíràn ni kí ẹ lò: ẹ pa DHCP rẹ̀ (ohun tó ń pín àdírẹ́sì), ẹ fún un ní 192.168.50.2, ihò LAN rẹ̀ ni kí ẹ ki wáyà bọ̀, kì í ṣe WAN.

Olùbéèrè
Ìnífátà mi ní bátìrì 12V 100Ah kan. Ṣé á gbé e di ilẹ̀ mọ́?

Èsì kẹta
Irú ẹ̀rọ yẹn ń jẹ nǹkan bí 30W bí kò bá ṣiṣẹ́ líle. Bí ẹ bá lo ìdajì bátìrì, 600Wh nìyẹn. Tí ẹ bá yọ èyí tí ìnífátà fúnra rẹ̀ ń jẹ, á tó bíi wákàtí mẹ́rìndínlógún. Rọ́tà 4G àti Wi-Fi á dín in kù díẹ̀. Bí fáànù àti tẹlifíṣọ̀n bá tún wà lórí bátìrì kan náà, ẹ wá kọ̀ǹpútà kékeré pẹlẹbẹ (thin client) tó ń jẹ 10W, kí ẹ yọ SSD yẹn sínú rẹ̀.