Òkun ń jẹ Ayétòrò: ta la lè pè lẹ́jọ́, níbo sì ni?

Ará Ìjàpọ̀ (Àkúrẹ́):
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin amòfin. Ní July 2025, Ilé Ẹjọ́ Àgbáyé ní The Hague sọ pé ìjọba tó bá jókòó tẹtẹrẹ lórí àyípadà ojú ọjọ́ lè rú òfin, ó sì lè san owó gbà-máà-bínú. Ṣé àwọn ará Ayétòrò ní Ìlàjẹ, tí òkun ń kó ilé wọn lọ, lè gba ibẹ̀ lọ?

Lọ́yà Ọ̀bà-Ilé:
Rárá o, ọ̀gá mi. Orílẹ̀-èdè nìkan ló ń bá orílẹ̀-èdè ṣẹjọ́ níbẹ̀, àfi kí ẹni tí wọ́n pè sì gbà kí wọ́n dá òun lẹ́jọ́. Amẹ́ríkà ti fa ọwọ́ yọ láti 1986, Ṣáínà náà ò sí nínú àwọn tó gbà. Àwọn tí èéfín wọn, tó ń mú ayé gbóná, pọ̀ jù nìyẹn!

Ohun tó jáde ní 23 July yẹn, ìmọ̀ràn òfin ni, kì í ṣe ìdájọ́. Vanuatu ló ṣaájú tí UN fi béèrè rẹ̀ ní March 2023. Síbẹ̀ kò ṣeé fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn, torí ó sọ pé láísẹ́ńsì tí ìjọba ń fún àwọn tó ń wa epo lè di ẹ̀bi sí ìjọba náà lọ́rùn. Nàìjíríà náà kúkú ń fúnni.

Ilé Ẹjọ́ ECOWAS ní Àbújá ni kí ẹ gbà lọ. Láti 2005 ni ará ìlú ti lè pe ìjọba lẹ́jọ́ níbẹ̀ lórí ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn, láìkọ́kọ́ lọ kóòtù Àkúrẹ́. Ẹ má fi orúkọ olùpẹjọ́ pamọ́, ẹ má sì gbé ẹjọ́ kan náà lọ sí kóòtù àgbáyé mìíràn. Abala 24 nínú àdéhùn ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn Áfíríkà, èyí tó sọ pé a ní ẹ̀tọ́ sí àyíká tó dára, ni kí ẹ dúró lé. SERAP, ẹgbẹ́ ajàfẹ́tọ̀ọ́ kan, fi í borí Nàìjíríà ní 2012 lórí epo tó ba Niger Delta jẹ́, àmọ́ wọn ò rí kọ́bọ̀ gbà, torí wọn ò tọ́ka sí ẹnì kan pàtó tó fara gbá a. Ojúlé sí ojúlé ni kí ẹ kọ orúkọ.

Sáfẹ́yọ̀ Alágbàká:
Ẹ̀rí ni ibi tí irú ẹjọ́ yìí ti ń já. Ìjọba á ní ilẹ̀ ẹrẹ̀ ni Ayétòrò, ó ń rì fúnra rẹ̀, wọ́n tún ń wa epo nítòsí. Wọ́n á ní kí wá ni ti èéfín níbẹ̀? Ìmọ̀ràn The Hague náà sì fẹ́ kí ohun tó fa àdánù so mọ́ ọn tààrà.

Ẹ wá píláàǹ àtijọ́ tó ní nọ́ńbà bíkìn, ìyẹn òpó kékeré tí sáfẹ́yọ̀ rì mọ́ ilẹ̀ láti fi sàmì sí ààlà. Bíkìn tó jìnnà sí omi ni kí ẹ mú, torí òkun ti gbé àwọn ti etí omi mì. Ẹ wọn ilẹ̀ láti ibẹ̀ dé etí omi kí òjò tó bẹ̀rẹ̀ àti lẹ́yìn tó dáwọ́ dúró, nígbà tí omi bá kún tán ní ẹ̀ẹ̀mejèèjì. Bí ẹ bá wọn ọ̀kan nígbà tí omi fà, iṣẹ́ ti bàjẹ́. Àwòrán Landsat, tí sátẹ́láìtì ń yà láti òfúrufú, ọ̀fẹ́ ni, ṣùgbọ́n ojú kan (píksẹ́lì) níbẹ̀ tó mítà 30, kò lè fi ilé kan hàn yín. Fọ́tò gbọ́dọ̀ ní déètì àti GPS, ìyẹn àmì tó ń sọ ibi tí wọ́n ti yà á. Ẹ má fi í ránṣẹ́ bíi fọ́tò lórí WhatsApp, ó máa ń yọ GPS dànù. Bíi fáìlì ni kí ẹ fi ránṣẹ́.

Ará Ìjàpọ̀:
Tá a bá wá borí ńkọ́?

Lọ́yà Ọ̀bà-Ilé:
Ìdájọ́ á lọ sọ́dọ̀ Agbẹjọ́rò Àgbà Àpapọ̀. Ibẹ̀ ló sábà ń sùn sí. Ẹ má béèrè owó nìkan. Ẹ béèrè odi òkun, kí kóòtù sì dá ọjọ́ tí ìjọba máa wá jábọ̀.