Ẹ̀yin olórin Àbújá, ẹ gbà mí nímọ̀ràn lórí títo irinṣẹ́

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹgbẹ́ jùjú kékeré ni wá ní Kubwa: gìtá méjì, kíbọ́ọ̀dù, gángan, àkúbà, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀. Títo irinṣẹ́ àti dídán máíkì wò máa ń gbà wá tó wákàtí méjì. Ẹni tó pè wá sí ìgbéyàwó ní Gwarinpa wá ní aago méjìlá la máa wọ gbọ̀ngàn, kí orin bẹ̀rẹ̀ ní aago kan! Ṣé ó ṣeé ṣe? Gángan ò ní wàhálà, èjìká lásán ló ń fẹ́. Wáyà ló ń jẹ àkókò. Ṣé ẹ máa ń so tiyín pọ̀ láti ilé ni? Kíkó ẹrù ńkọ́, nígbà tí gbọ̀ngàn bá fẹ́ tilẹ̀kùn? Ẹ jọ̀wọ́, ṣé ẹ máa ń ka àkókò yìí mọ́ owó iṣẹ́?