Háyà ọkọ̀ ńlá fún ẹbí ní Jámánì

Ìbéèrè, láti Ìlọrin:
Ẹ kú iṣẹ́ o. Àwa mọ́kànlá ń lọ síbi ìgbéyàwó àbúrò mi ní Jámánì, a ó sì ya Ọ́síríà. Ṣé mo lè háyà bọ́ọ̀sì tí yóò gba gbogbo wa, kí n sì fúnra mi wà á?

Ìdáhùn, láti Ọ̀fà:
Ẹ pẹ̀lẹ́ sà. Ní ilẹ̀ Yúróòpù, láísẹ́ńsì onípele B kò gbà ju èrò 8 lọ yàtọ̀ sí awakọ̀. Bí àga bá ju 9 lọ, láísẹ́ńsì D1, ti bọ́ọ̀sì kékeré, ni wọn yóò béèrè. Fífún èèyàn mẹ́rin mọ́ ìjókòó mẹ́ta, bí a ti ń ṣe lọ́nà Ọ̀fà sí Ìlọrin, kò ṣeé dán wò níbẹ̀. Ẹ háyà ọkọ̀ alága 9 pẹ̀lú ọkọ̀ kékeré kan, nítorí pé bí àga 9 bá kún, ibi ẹrù kì í fi bẹ́ẹ̀ tó. Kí orúkọ awakọ̀ kejì náà wà nínú ìwé àdéhùn.

Ìdáhùn, láti Òmù-Àrán:
Òótọ́ ni wọ́n sọ. Kí ẹ tó buwọ́ lùwé, ẹ sọ pé ẹ ó kọjá ẹnubodè, kí ìwé adójútòfò má baà já sí asán. Owó ọ̀nà márosẹ̀ Ọ́síríà, ẹ lè fi nọ́ńbà ọkọ̀ san án lórí íntánẹ́ẹ̀tì kí ẹ tó wọ̀ ọ́. Ní Jámánì, ọmọ tí kò tíì pé ọdún 12, tí kò sì ga tó sẹ̀ǹtímítà 150, gbọ́dọ̀ lo àga ọmọdé.