Kẹ̀kẹ́ Raleigh Superbe tí wọ́n fi ẹ̀rọ iná sí, £650: ṣé owó rẹ̀ nìyí?

Àdùkẹ́ Peckham
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa. Iṣẹ́ alẹ́ ni mò ń ṣe, orí òkè Denmark Hill ni, Peckham ní London ni mo sì ń gbé. Ní aago mẹ́fà ààbọ̀ òwúrọ̀ tí mo bá ń bọ̀, ẹsẹ̀ mi kì í fẹ́ dúró de bọ́ọ̀sì mọ́. Mo wá ní kí n ra kẹ̀kẹ́.

Ọkùnrin kan ní Lewisham ń ta Raleigh Superbe aláwọ̀ ewé, ti obìnrin. Mo rí "AW 71 5" lára họ́ọ̀bù ẹ̀yìn, ìyẹn àárín wíìlì: oṣù karùn-ún ọdún 1971 ni wọ́n ṣe é. Ó ti yọ wíìlì iwájú, ó fi èyí tó ní ẹ̀rọ iná tó ń yí wíìlì sí i, bátìrì wà nínú báàgì lẹ́yìn ìjókòó. Ó ní ẹ̀rọ náà nìkan gba £400 lọ́wọ́ òun, òun tún un kùn, òun ra táyà tuntun sí i, nítorí náà £650 ni jálẹ̀. Ó tún ń fi yangàn pé ó ń sá tó máìlì 22 ní wákàtí kan. Mo gùn ún yí àdúgbò rẹ̀ ká, kí n má purọ́, ó dùn ún gùn. Bàbá mi ní Raleigh dúdú kan nílé nígbà tí mo wà ní kékeré, bóyá ìyẹn ló ń fa ojú mi mọ́ra. Ẹ jọ̀ọ́, èló ni kí n san?

Ìjẹ̀bú Ni Mí
£650! Kẹ̀kẹ́ tó jù mí lọ lọ́jọ́ orí? Ẹ lọ ra tuntun jàre.

Bàbá Sípánà
Àdùkẹ́ ọmọ mi, o kú iṣẹ́ òru. Ilé-Olújì ni wọ́n bí mi sí. Ìdí igi lẹ́bàá ilé wa ni bàbá mi ti ń tún kẹ̀kẹ́ àwọn olóko kòkó ṣe, èmi ni mo máa ń na sípánà sí i. Ó di ọdún 21 báyìí tí mò ń ṣe iṣẹ́ náà ní Deptford níbí.

Gbàgbé £400 tó lóun ná. Òun ló ná an, ìwọ kọ́ lo rán an.

Ohun tí mo fẹ́ kí o kọ́kọ́ bi í ni pé: wíìlì iwájú àtijọ́ dà? Superbe kì í ṣe Raleigh lásán. Inú họ́ọ̀bù iwájú rẹ̀ ni ilé-iṣẹ́ Sturmey-Archer ki ẹ̀rọ tó ń pèsè iná sí, Dynohub ni orúkọ rẹ̀, fóòtì mẹ́fà (6 volt). Bí wíìlì bá ti ń yí ni iná ń tàn, kò ní bátìrì, kò sì pariwo. Torí ẹ̀ gan-an làwọn tó mọyì Superbe ṣe ń sanwó. Ọkùnrin yìí wá yọ iná kúrò lára kẹ̀kẹ́ kó lè ráyè fi iná sí kẹ̀kẹ́! Bó bá ṣì ní in, kó gbé e jáde tòun ti iná orí. Bó bá ti dà á nù, Raleigh Sports, Raleigh lásán, tó wọ aṣọ Superbe lò ń wò yẹn.

Bi í léèrè kọ́kọ́rọ́ náà. Superbe ní àgádágodo tirẹ̀ lórí fọ́ọ̀kì, irin ẹlẹ́sẹ̀ méjì tó di wíìlì iwájú mú. Bí kọ́kọ́rọ́ bá ti sọnù, kẹ̀kẹ́ á ṣì máa rìn, ṣùgbọ́n kí owó wálẹ̀.

Wàyí o, mú tọ́ọ̀ṣì lọ. Lóṣòó síwájú kẹ̀kẹ́ náà kí o wo ẹnu fọ́ọ̀kì, ibi tí ọ̀pá wíìlì ti wọlé. Fọ́ọ̀kì Raleigh ayé ìgbà yẹn há, ẹnu rẹ̀ sì tín-ín-rín. Ọ̀pá ẹ̀rọ iná sanra jù ú lọ, nítorí náà ẹnìkan ti ní láti fi fáìlì rẹ́ ẹ, kó sì fi agbára ya fọ́ọ̀kì náà. Bí irin tó kù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu yẹn bá ti fẹ́lẹ́, má rà á, kódà bó fi ta ọ́ ní £50. Yíyí ni ẹ̀rọ náà máa ń fẹ́ yí ọ̀pá ara rẹ̀ jáde, torí náà irin pẹlẹbẹ kan gbọ́dọ̀ wà tó dì í mú mọ́ fọ́ọ̀kì. Lọ́dún tó kọjá, ẹnìkan gbé irú ẹ̀ wá bá mi, wíìlì iwájú ti fò yọ lójú títì. Eyín méjì ló bá a lọ.

Ríìmù ẹ̀yìn, irin tí wọ́n fi kúróòmù bò ni. Bójò bá rọ̀, ẹ̀bẹ̀ ni wàá máa bẹ búréèkì.

Oníwáyà
Bàbá ti sọ ti irin, ẹ jẹ́ n sọ ti iná. Òfin ìlú yìí ni pé ẹ̀rọ kẹ̀kẹ́ kò gbọdọ̀ ju 250 wátì lọ, ó sì gbọdọ̀ dẹ́kun ìrànlọ́wọ́ rẹ̀ ní máìlì 15.5 ní wákàtí kan. Máìlì 22 tó fi ń yangàn yẹn, ẹjọ́ ló ń rò mọ́ ara ẹ̀ lẹ́sẹ̀. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, alùpùpù ni lójú òfin: láísẹ́ǹsì, ìǹṣọ́ránsì, nọ́ńbà. Ọlọ́pàá lè gbé e lọ lọ́wọ́ yín.

Ti bátìrì: bó bá jẹ́ 36 fóòtì, 42 ló yẹ kí mítà fi hàn bó bá kún. Bí kò bá lórúkọ lára, tí ṣájà kì í sì í ṣe tirẹ̀, ẹ má gbé e wọ yàrá sùn o. Iná bátìrì kì í kan ilẹ̀kùn. Ẹ kà á sí £0.

Bàbá Sípánà
Ó ṣeun, Oníwáyà. Superbe méjì tó pé pérépéré ti gba ọwọ́ mi kọjá, mo ta ọ̀kan ní £180, mo ta èkejì ní £210. Ẹ̀rọ àlòkù, £100, ìyẹn bí fọ́ọ̀kì bá yè. Ọ̀dà tó kùn ún? Kò fi kọ́bọ̀ kan kún un. Ọ̀dà ilé-iṣẹ́ tó ti họ wù mí ju èyí tí wọ́n fín sí i lẹ́yìnkùlé lọ. Bí wíìlì àtijọ́ bá wà, má kọjá £300. Bí kò bá sí, £200.

Àdùkẹ́ Peckham
Ẹ̀yin bàbá, mo padà lọ lánàá tèmi ti tọ́ọ̀ṣì. Wọ́n rẹ́ ẹnu fọ́ọ̀kì lóòótọ́, ṣùgbọ́n irin ṣì pọ̀ níbẹ̀. Mo ya fọ́tò rẹ̀. Ọkùnrin náà ní òun ò mọ ibi tí wíìlì wà. Ìyàwó rẹ̀ ló ní, "Èyí tó wà lára ògiri ńkọ́?" Wọ́n ti kàn án mọ́ ògiri lẹ́yìnkùlé, wọ́n ń fi kọ́ rọ́ọ̀bà tí wọ́n fi ń bomi rin òdòdó! Iná orí wà nínú páálí. Kọ́kọ́rọ́ ò sí.

Ó já a sí £400. Mo gbé báàgì mi kọ́ èjìká, mo dé ẹnu géètì kó tó pè mí padà. £270, mo fi bátìrì sílẹ̀ fún un.

Bàbá, ọjọ́ wo lẹ máa ń wà ní Deptford? Mo fẹ́ kí ẹ bá mi dá wíìlì àtijọ́ yẹn padà sára kẹ̀kẹ́. Òkè Denmark Hill, màá máa fẹsẹ̀ wà á ná.

Bàbá Sípánà
Sátidé, láti aago mẹ́wàá. Mú iná orí yẹn dání, má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi òòlù na fọ́ọ̀kì yẹn kó tó dé ọ̀dọ̀ mi.