Ẹ gbà mí o: ẹran lílọ̀ àti noodles tí wọ́n yan nínú ófùn bíi tàwọn Amish, báwo la ṣe máa sè é l'Ékòó?

Ìyá Tòmíwá, Èbúté Mẹ́ta

Ẹ kú ilé o ẹ̀yin èèyàn mi. Ọkọ mi kékeré, ìyẹn àbúrò bàbá Tòmíwá tó ń gbé ní Ohio l'Amẹ́ríkà, ń kó ìyàwó àtàwọn ọmọ bọ̀ wálé lóṣù Kejìlá. Àdúgbò tí wọ́n ń gbé sún mọ́ Holmes County níbi táwọn Amish, ìyẹn ìjọ Kristẹni kan tí wọ́n ń gbé bíi ti ayé àtijọ́, pọ̀ sí gan-an, oúnjẹ kan sì wà táwọn ọmọ yẹn ò lè ṣe kí wọ́n má dárúkọ ẹ̀ tá a bá ti ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Ẹran màlúù lílọ̀ ni, pẹ̀lú noodles ẹlẹ́yin, wọ́n á da ọbẹ̀ olú inú agolo sí i, wọ́n á fi ṣíìsì bo orí ẹ̀, wọ́n á wá yan án nínú ófùn títí tí orí ẹ̀ á fi pọ́n. Ìyàwó wa ti fi bí wọ́n ṣe ń sè é ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp, mo kà á tán, mo rí i pé ìdajì nǹkan tó kọ síbẹ̀, èèyàn ò lè dédé rí i l'Ọ́jà Òyìngbò. Agolo ọbẹ̀ olú yẹn, tí mo bá tiẹ̀ rí i ní súpámákẹ́ẹ̀tì, owó gọbọi ni wọ́n ń pè é, mẹ́ta mẹ́rin ni wọ́n sì ní kí n rà.

Kí ni mo lè fi rọ́pò ẹ̀? Ṣé wàrà táwọn Fúlàní ń tà lè ṣiṣẹ́ ṣíìsì? Ófùn gáàsì tèmi náà, nọ́ńbà ara ibi tí wọ́n ti ń yí i ti pa rẹ́, kékeré àti púpọ̀ nìkan ni mo mọ̀. Màmá ọkọ mi máa wà ńbẹ̀ pẹ̀lú, ẹnu wọn ò gba oúnjẹ tí ò lata, bẹ́ẹ̀ àwọn ọmọ Ohio yìí, ata tín-ín-rín báyìí, omi ti bọ́ lójú wọn. A máa tó èèyàn méjìlá. Ó wù mí gan-an pé káwọn ọmọ yẹn dé ilé bàbá wọn kí wọ́n bá oúnjẹ tí wọ́n mọ̀ lórí tábìlì, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi dá sí i.

Bọ̀dá Kúùkù, Yàbá

Ẹ kú ìmúra àlejò o Ìyá Tòmíwá, Ọlọ́run á mú wọn gúnlẹ̀ láyọ̀. Ẹ fọkàn balẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ agolo yẹn, fúláwà, mílíìkì, ọ̀rá, iyọ̀ àti olú ló pọ̀ jù nínú ẹ̀, ẹ lè fọwọ́ ara yín sè é kó sì dùn ju tinú agolo lọ. Fún èèyàn méjìlá, ẹ yọ́ bọ́tà bíi gíráàmù 75, ẹ gé àlùbọ́sà kan wẹ́wẹ́ sí i kó rọ̀, ẹ wá da fúláwà gíráàmù 75 lé e, ẹ máa rò ó lórí iná kékeré fún bí ìṣẹ́jú méjì kí òórùn fúláwà tútù kúrò níbẹ̀, ẹ má jẹ́ kó pọ́n. Lẹ́yìn náà ẹ máa da mílíìkì sí i díẹ̀díẹ̀, kí ẹ má dà á lẹ́ẹ̀kan náà kó má baà ṣe kókó, gbogbo ẹ̀ á tó mílí 750. Mílíìkì inú agolo tẹ́ ẹ fi omi tó bá a dọ́gba là dáa, ti ìyẹ̀fun náà dáa, ṣùgbọ́n ẹ yẹra fún èyí tí ṣúgà wà nínú ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá rí olú rà, ẹ gé e, ẹ dín in lọ́tọ̀ títí omi inú ẹ̀ á fi gbẹ kẹ́ ẹ tó dà á sí i. Tẹ́ ò bá rí i, ẹ ṣe é láìsí olú, oúnjẹ náà ò ní bàjẹ́.

Kó ṣàn díẹ̀ ju bẹ́ ẹ ṣe fẹ́ kó rí lẹ́nu lọ o, torí pé noodles á tún mu omi nínú ófùn. Ibẹ̀ gan-an lèmi máa ń tẹnu mọ́ fáwọn tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi. Tẹ́ ẹ bá se noodles yẹn jinná tán nínú omi kẹ́ ẹ tó kó o lọ sínú ófùn, ó máa di ẹ̀kọ, kò sí nǹkan tẹ́ ẹ lè ṣe sí i mọ́. Ohun tí wọ́n bá kọ sára páálí ẹ̀, ẹ fi ìṣẹ́jú méjì tàbí mẹ́ta dín in kù, kó ṣì le díẹ̀ láàárín. Noodles ẹlẹ́yin ò pọ̀ l'Ékòó, màkàróní á ṣe é, sìpàgẹ́tì tẹ́ ẹ ṣẹ́ sí wẹ́wẹ́ náà á ṣe é. Gíráàmù 500 tó.

Ẹran kílò kan. Ẹ jẹ́ kí alápatà fún yín ní èyí tí ò ní egungun tí ọ̀rá wà lára ẹ̀ díẹ̀, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ ata lọ̀ ọ́, ẹ gbé e délé, ẹ gé e, ẹ kì í sínú fíríísà fún bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kó le díẹ̀, ẹ wá máa lọ̀ ọ́ díẹ̀díẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ń dín in, iná ńlá, ìkòkò fífẹ̀, ẹ má kó gbogbo ẹ̀ sínú ìkòkò lẹ́ẹ̀kan, torí omi ara ẹ̀ ló máa fi bọ̀, kò ní pọ́n. Ẹ dúró kí omi yẹn gbẹ, kẹ́ ẹ gbọ́ tó ń ta pàrà, kí àwọ̀ rẹ̀ di búráùn. Ẹran lílọ̀ kì í ṣe ẹran gígé, kòkòrò tó bá wà lójú ẹran ti wọ inú gbogbo ẹ̀ lọ nígbà tí wọ́n lọ̀ ọ́, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń sọ pé inú ẹ̀ gbọ́dọ̀ gbóná dé dígírì 71.

Màámi Ìsàlẹ̀ Èkó

Ọmọ mi, o kú ìtọ́jú ẹbí ọkọ. Èmi máa ń bá wọn sè ní ìnáwó láti ìgbà tí mo ti wà ní ọmọge, mo fẹ́ bá ẹ sọ ti wàrà yẹn. Wàrà Fúlàní kì í yọ́. O lè dín in, o lè sè é sínú ọbẹ̀, bó ṣe wà ló máa wà, ìdí ẹ̀ nìyẹn tó fi dáa nínú ẹ̀fọ́ tàbí ọbẹ̀ ata. Tó o bá tò ó sórí oúnjẹ yìí tó o kó o sínú ófùn, ó kàn máa gbẹ ni, kò ní fà bí ṣíìsì ṣe ń fà. O lè rún un sáàárín ẹran kó fi kún un, ṣùgbọ́n ti orí, wá owó ra ṣíìsì gidi bó ti wù kó kéré mọ, cheddar tàbí mozzarella, gíráàmù 250 tó.

Kó lè tó ẹ, má fi ṣíìsì nìkan bò ó. Ra búrẹ́dì Agége ti àná, ya á sí wẹ́wẹ́, yan án kó gbẹ, fi ọwọ́ rún un, wá fi bọ́tà yíyọ́ ṣíbí mẹ́ta pò ó. Wọ́n ọn sórí ṣíìsì yẹn. Á pọ́n, á máa ró kàùkàù lẹ́nu.

Tí o bá fẹ́ ra mílíìkì àti fúláwà ẹ̀ papọ̀, wọ ọkọ̀ wá sí Òkè-Àrín lówùúrọ̀, páálí ni wọ́n ń tà á níbẹ̀, owó ẹ̀ á fúyẹ́ ju ti ṣọ́ọ̀bù ẹnu ọ̀nà lọ. Ti ata, èmi ò rò pé ó yẹ kéèyàn sè é láìlata rárá, ọmọ tó bá wá sílé, kó jẹ oúnjẹ ilé. Gún ata rodo méjì péré sínú ẹran yẹn.

Dèjì, Gbàgádà

Ẹ káàárọ̀ Màámi, ẹ má bínú pé mo fẹ́ sọ tèmi lórí ata yìí. Ohio ni mo ti kàwé, mo sì jẹun nílé oúnjẹ àwọn Amish ní Holmes County dáadáa. Iyọ̀, àlùbọ́sà àti black pepper ni oúnjẹ wọn mọ, kò lata rárá, ohun táwọn ọmọ yẹn sì ń rántí nìyẹn. Adùn bọ́tà àti ẹran ló yẹ kó wà lẹ́nu, tí rodo bá ti wọ inú ẹ̀, wọ́n á jẹ ẹ́ nítorí ọ̀wọ̀ ni, kò ní jẹ́ èyí tí wọ́n mọ̀.

Ìyá Tòmíwá, èyí tẹ́ ẹ ń ṣàlàyé yìí jọ èyí tí wọ́n ń pè ní yumasetti. Ipele-ipele ni wọ́n ń tò ó. Wọ́n á fi tòmáàtì po ẹran, wọ́n á fi ọbẹ̀ funfun po noodles, wọ́n á tẹ́ ẹran, wọ́n á tẹ́ noodles, ṣíìsì á wà láàárín àti lórí. Ọgbọ́n wà nínú ẹ̀ pé tòmáàtì wà lọ́dọ̀ ẹran tí mílíìkì wà lọ́dọ̀ noodles, torí kíkan tòmáàtì lè mú kí mílíìkì dì tẹ́ ẹ bá sè wọ́n pọ̀. Ti tòmáàtì náà, ẹ mú tòmáàtì agolo kékeré kan, ẹ dín in pẹ̀lú ẹran yẹn títí kíkan ẹ̀ á fi lọ, ẹ bu omi ife kan sí i, ẹ fi ṣúgà ṣíbí kékeré kan sí i, wọ́n fẹ́ràn kó dùn díẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ díẹ̀ nípa àwọn èèyàn yìí, torí mo fẹ́ràn wọn gan-an. Orúkọ Jakob Ammann ni wọ́n ń jẹ́, òun ló ṣíwájú wọn nígbà tí ìjọ wọn pín sí méjì ní Switzerland àti Alsace lọ́dún 1693, wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí lọ sí Pennsylvania ní nǹkan bí ọ̀rúndún kejìdínlógún. Títí dòní ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í fa iná ìjọba wọlé, gáàsì àti igi ni wọ́n fi ń sè, ọ̀pọ̀ ìyàwó ilé wọn sì máa ń se ẹran màlúù sínú ìgò, wọ́n á dé e pa kó lè pẹ́ láìsí fíríìjì. Ọbẹ̀ olú inú agolo yẹn kì í ṣe ogún baba wọn o, ilé iṣẹ́ Campbell's ló gbé e jáde lọ́dún 1934, ó kàn wọ ilé ìdáná gbogbo Amẹ́ríkà, tiwọn náà wà lára ẹ̀. Torí náà ọbẹ̀ funfun tí Bọ̀dá Kúùkù ní kẹ́ ẹ fọwọ́ sè yẹn, kò sí ẹ̀sùn kankan lórí ẹ̀.

Ṣadé, Sùúrùlẹ̀rẹ̀

Ti ófùn tí ò ní nọ́ńbà, dígírì 175 sí 180 lẹ nílò. Ẹ lè ra tẹmómítà ófùn tí wọ́n ń fi kọ́ sára irin inú ẹ̀. Tẹ́ ò bá tíì rí i, ẹ fi ṣúgà ṣíbí kan sínú fọ́ìlì, ẹ gbé e sáàárín ófùn tó ti gbóná fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ṣúgà kì í yọ́ títí á fi tó bíi dígírì 186, tó bá ti yọ́, iná yín ti pọ̀ jù, ẹ dín in kù kẹ́ ẹ tún dán an wò. Ófùn gáàsì wa yìí, ìsàlẹ̀ ló máa ń jó jù, ẹ gbé oúnjẹ sáàárín, ẹ gbé tíréè òfìfo kan sábẹ́ ẹ̀. Ẹ fi fọ́ìlì bò ó fún bí ìṣẹ́jú 25, ẹ ṣí i, ẹ wá da ṣíìsì àti búrẹ́dì Màámi sí i, ẹ fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí i. Tẹ́ ẹ bá gbé e jáde ẹ má bù ú lójú ẹsẹ̀, ẹ jẹ́ kó sinmi bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá kó lè dì mú ara ẹ̀.

Ìyá Tòmíwá, Èbúté Mẹ́ta

Háà, Ọlọ́run á bù kún gbogbo yín, Màámi mo dọ̀bálẹ̀ mo kúnlẹ̀. Mo ti ń kọ gbogbo ẹ̀ sínú ìwé. Ọ̀rọ̀ ata yìí ṣì ń kọ mí lóminú ṣá, Màámi sọ òótọ́, Bọ̀dá Dèjì náà sọ òótọ́. Ohun kejì, ọjọ́ tí wọ́n ń dé, mo máa wà ní ẹ́ápọ́ọ̀tù, ṣé mo lè tò ó lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú kó jẹ́ pé mo kàn máa yan án ni? Iná NEPA àdúgbò wa ò ṣeé gbọ́kàn lé.

Bọ̀dá Kúùkù, Yàbá

Tí iná bá dúró, ẹ lè tò ó lálẹ́, ẹ bò ó, ẹ fi sí fíríìjì, ẹ kàn fi ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kún àkókò yíyan torí ó tutù. Ẹ má tíì da búrẹ́dì sí i o, ó máa rọ̀. Ṣùgbọ́n bẹ́ ẹ ṣe sọ yẹn, tí iná ò bá dájú, ẹ má dán an wò, ẹran àti mílíìkì kì í fojú kan ooru Èkó fún wákàtí méjì, tí ooru bá lé ní dígírì 32, wákàtí kan péré ni. Ohun tí mo máa ṣe tó bá jẹ́ èmi ni pé màá din ẹran yẹn lálẹ́, màá fi í sínú fíríísà kó dì gbagidi, ìyẹn máa dúró bí iná bá tiẹ̀ lọ fún wákàtí díẹ̀ tẹ́ ò bá ṣí i. Tẹ́ ẹ bá dé láti ẹ́ápọ́ọ̀tù, ẹ gbé e gbóná dáadáa nínú ìkòkò kẹ́ ẹ tó tò ó, ọbẹ̀ funfun ò gbà ju ogún ìṣẹ́jú lọ.

Ti ata, abọ́ kan ò tiẹ̀ lè gba kílò ẹran kan àti noodles ìdajì kílò pẹ̀lú ọbẹ̀ ẹ̀, á kún, á sì ṣàn sílẹ̀ nínú ófùn. Abọ́ méjì lẹ máa lò, èyí tí ìbú ẹ̀ tó bíi sẹ̀ǹtímítà 23, tí gígùn ẹ̀ tó bíi 33. Kẹ́ ẹ tó tò ó, ẹ pín ẹran yẹn sí méjì, ẹ fi rodo Màámi sínú apá kan, ẹ fi èkejì sílẹ̀ bí Dèjì ṣe wí. Ẹ fi ewé efinrin kan sórí èyí tó lata kí wọ́n má baà ṣì í bù fáwọn ọmọ.

Màámi Ìsàlẹ̀ Èkó

Ìyẹn dáa, mo gbà. Ṣùgbọ́n efinrin máa gbẹ nínú ófùn, ìgbà tó bá gbé e jáde ni kó tó fi sí i.