Mo fẹ́ ta kámẹ́rà tí mo fi ń ya ìràwọ̀. Ṣé kí n sọ àbùkù rẹ̀?

Àdìsá: Ẹ̀yin ará, ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Mo fẹ́ ta kámẹ́rà CCD mi (CCD jẹ́ irú sensor kan, ìyẹn ojú tó ń gba ìmọ́lẹ̀ nínú kámẹ́rà; KAF-8300 ni orúkọ sensor tèmi), dúdú-òun-funfun, tó ní amúnútutù nínú. Ọdún mẹ́fà ni mo fi ya nẹ́búlà (ìkùukùu gáàsì àti eruku lójú ọ̀run), mo sì fi ń wọn àwọn ìràwọ̀ tí ìmọ́lẹ̀ wọn ń lọ sókè sódò. Kò ṣẹ̀ mí o, kámẹ́rà tuntun tó ń lo CMOS, irú sensor mìíràn, ló wọ̀ mí lójú. Àmọ́ ìlà kan wà lóòró lápá ọ̀tún tó máa ń funfun báláú. Bí mo bá sì tan amúnútutù lálẹ́ tí ọ̀rinrin pọ̀, yìnyín á dì sójú sensor, á ṣe wínníwínní láàárín àwòrán. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n panu mọ́, pé ẹni tó bá rà á ni yóò rí i. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Ìyá Ìbejì: Ọ̀rẹ́ yẹn fẹ́ kó ẹ sí wàhálà. Ìlà yẹn ò tó nǹkan, dark tó dáa (àwòrán tí a yà láìjẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ kankan wọlé) á yọ ọ́. Ya dark oníṣẹ́jú 5 mẹ́wàá ní -15°C, kó o fi FITS wọn (fáìlì àwòrán bó ṣe jáde nínú kámẹ́rà) ránṣẹ́ sí ẹni tó fẹ́ rà á láìfọwọ́ kàn wọ́n. Àwòrán nẹ́búlà tó o fi ń polówó, ìwọ tó o ṣe é ló ń yìn. Dark ló ń sọ ti kámẹ́rà.

Ṣọlá: Ẹ jẹ́ ó gé owó ẹ̀ wálẹ̀ jàre. Ta ló tún ń ra CCD? Sony ti kéde láti 2015 pé àwọn ò ní ṣe é mọ́.

Ìyá Ìbejì: Ṣọlá, Kodak ló ṣe KAF-8300. Pixel rẹ̀ jẹ́ 5.4 µm: lórí awò tí focal length rẹ̀ (ìyẹn gígùn láti lẹ́ńsì dé ibi tí àwòrán ti ń hàn kedere) jẹ́ mm 1000, nǹkan bí arcsecond 1.1 lójú ọ̀run ni pixel kan ń bò (arcsecond 3,600 ló wà nínú dígírì kan). Ó ṣì wúlò.

Bàbá Awò: Ẹni tó ń wọn ìràwọ̀ kò ní bèèrè nẹ́búlà lọ́wọ́ ẹ. Sensor yẹn ní ohun tí kì í jẹ́ kí iná ìràwọ̀ ńlá ṣàn kúnlẹ̀, ìyẹn náà ló sì ń jẹ́ kó máa parọ́ bó bá ti fẹ́ kún. Wá iná tí kì í mì, kó o ya ìṣẹ́jú-àáyá 4, 8, 16, títí dé 40. Lẹ́yìn tó o bá yọ bias (iye tí kámẹ́rà ń kà bí ìmọ́lẹ̀ ò tiẹ̀ sí), bí ìṣẹ́jú-àáyá 4 bá fún ẹ ní iye 5,000, 40 gbọ́dọ̀ sún mọ́ 50,000. Ibi tó bá ti tẹ̀, kọ ọ́ sínú ìpolówó. Má fi ìdajì ìṣẹ́jú-àáyá dán an wò o, shutter tó ń yí kì í péye níbẹ̀.

Kọ́lá: Yìnyín yẹn, oògùn tí ń fa omi nínú ẹ̀ ló ti mu omi yó. Tú u, yan án gbẹ bí ìwé rẹ̀ ṣe wí, tàbí kó o pààrọ̀ ẹ̀. Kó o sì máa mú un tutù díẹ̀díẹ̀. Rántí dán driver (ètò tí kọ̀ǹpútà fi ń darí kámẹ́rà) wò lórí Windows tuntun.

Àdìsá: Ẹ ṣé o, mà, ẹ ṣé, bàbá. Oògùn yẹn ti mu omi yó lóòótọ́, mo ti pààrọ̀ ẹ̀, yìnyín ò sì dì lálẹ́ àná. Ìwọ̀n náà lọ tààrà títí dé 46,000 kó tó tẹ̀. Mo kọ gbogbo ẹ̀ síbẹ̀, tòun ti ìlà. Ẹnì kan ti gba dark lọ́wọ́ mi, ó ní òun á rà á, ṣùgbọ́n ó fẹ́ kí n fi fílítà V mi (èyí tí mo fi ń wọn ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀) sí i. Ìyẹn ò sí ní títà.