"Want": ṣé fífẹ́ ni àbí àìní?
Ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbọ́ òyìnbó dáadáa, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí. "Want" tí mo mọ̀ sí kéèyàn fẹ́ nǹkan, mo rí i nínú Sáàmù 23, Bíbélì King James ti 1611, "I shall not want", kò yé mi rárá, àfi ìgbà tí mo ṣí ti Yorùbá tí mo rí "èmi kì yóò ṣe aláìní". Háà! Díṣọ́nárì ní inú èdè Norse àtijọ́ (èdè táwọn ará Scandinavia ń sọ láyé ọjọ́un) ló ti wá, "vanta", pé kí nǹkan má tó. Báwo wá ni àìní ṣe di fífẹ́? Ṣé torí ohun téèyàn ò ní ló máa ń wù ú ni? Tí mo bá sì kọ "for want of time" (ìyẹn, nítorí àìsí àkókò) sínú lẹ́tà lónìí, ṣé ó ṣì máa yé wọn?